Agolo Mílíìkì tí Ìyá Àgbà Mu Níwájú Gbogbo Wa

Ìyá Àgbà mi kì í ra iyọ̀ níbi tí wọn kò bá ti mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe rí nìyẹn, n kò bù mọ́ ọn. Ní Tokpota, ládùúgbò wa ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé ìtajà kéékèèké tí à ń pè ní bùtíìkì pọ̀ débi pé ènìyàn lè jáde lọ ra ìṣáná kí ó sì ti wọlé padà kí omi orí iná tó hó. Ìyá Àgbà kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Yóò ra ìṣáná lọ́dọ̀ opó kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn wa, Mẹ́tọ́díìsì. Yóò ra ọṣẹ lọ́dọ̀ obìnrin ẹ̀yà Gun kan tó ń sè é fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Yóò ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Bàbá Oníbúrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá padà sí bùtíìkì Ìyá Rúfínù, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé wa gan-an, fún iyọ̀, epo àti mílíìkì. Àpò ọwọ́ rẹ̀ kì í kún, ṣùgbọ́n ìrìn náà máa ń gba gbogbo àárọ̀ rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò ra gbogbo rẹ̀ lójú kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sinmi. Ó ní, "Bí ẹnì kan bá ń jẹ àjẹyó tí ará ilé kejì ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ rẹ̀, ọjà kọ́ nìyẹn, ìjà ni."

Ó ti lọ báyìí. A ti sin ín, a ti dúpẹ́ ní ilé ìjọsìn, àwọn àlejò ti padà sí ilé wọn. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ti sọ èyí tó dùn tán. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tó dùn mọ́ wọn yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtajà ńlá kan sí apá Ouando, gbogbo wa lọ wò ó, nítorí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, òtútù inú rẹ̀ sì dà bí ti àárọ̀ ọyẹ́. Ìyá Àgbà náà lọ. Ó rìn yí gbogbo rẹ̀ ká, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tó jáde, ó bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ta ló ni ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ní òun kò mọ̀, pé ilé iṣẹ́ kan ni. Ó tún padà wọlé lọ bi ọmọbìnrin tó ń gba owó. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, èmi náà kò rí wọn rí." Ìyá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé nínú oòrùn, ó ní òun fẹ́ ronú. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ gbólóhùn tó di òfin ilé wa. "Ilé ìtajà tí kò ní ojú, bí ọjà rẹ̀ bá pa ọ́ lára, ta lo fẹ́ lọ bá wí?"

Kì í ṣe pé ó máa ń gba gbogbo ohun tí àwọn ará àdúgbò bá tà. Mo ní láti sọ èyí dáadáa, nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ojú àánú nìkan ló fi ń rajà. Ní ọdún kan, ọṣẹ obìnrin Gun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bó wa lára. Ọwọ́ mi pọ́n, ẹ̀yìn ọrùn àwọn ọmọ ilé ń yún wọn. Ẹlòmíràn ì bá yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà wé gèlè, ó mú ọṣẹ náà dání, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó kí obìnrin náà, ó béèrè àlàáfíà ọmọ àti ọkọ, ó jókòó, ó mu omi tí wọ́n gbé fún un. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ mi síwájú bí ẹni fi ẹja han oníbàárà. Ó ní, "Wo ohun tí ọṣẹ rẹ fi ọmọ mi ṣe." Obìnrin náà ṣàlàyé pé eérú tí òun ń lò ti yàtọ̀, pé omi rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kí ó tó gbé ọṣẹ tuntun jáde fún títà, ó máa ń kọ́kọ́ gbé ìdì kan wá fún Ìyá Àgbà kí ó fi fọ ọwọ́ wò. Lójú ọ̀nà bí a ṣe ń bọ̀ nílé, mo ní ojú tì mí, nítorí ó dà bíi pé a lọ jà. Ó dá mi lóhùn pé, "Ríra ọjà ará ilé ẹni kò ní kí a pa ẹnu mọ́."

Mo ti gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tó ti kú.

Kì í gba èènì. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tó bá ra gàrí tàbí ìrẹsì, olówò yóò bu díẹ̀ lé e lórí kí inú oníbàárà lè dùn, kí ó sì tún padà wá. Bí wọ́n bá bù ú fún Ìyá Àgbà, yóò fi ìka gbá a padà sínú agbada olówò, díẹ̀díẹ̀, títí ojú òṣùwọ̀n yóò fi tẹ́jú. Àwọn obìnrin ọjà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn á ní, "Màmá, ẹ̀bùn ni o, kì í ṣe májèlé." Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n yóò dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin, tí ebi sì máa ń pa mí ju bó ṣe yẹ lọ, èyí máa ń bí mi nínú gan-an. Mo bi í pé kí ló fi èènì ọ̀fẹ́ ṣe ọ̀tá. Ó ní kò sí èènì kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́: "Inú òṣùwọ̀n ẹni tó kàn ni wọ́n ti ń bù ú."

Pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, ìjà rẹ̀ kì í fara sin. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tọ́ntọ̀n Pọ́ọ̀lù, ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kútọnù. Ní Kérésìmesì kan, ó gbé páálí ńlá kan wálé láti inú ilé ìtajà Ouando: epo, ṣúgà, ìrẹsì, mílíìkì, bísíkíìtì tí a fi bébà tó ń dán wé. Ìyá Àgbà gbàdúrà fún un, ó gbé oúnjẹ fún un, ó dúró kí ó jẹun tán. Lẹ́yìn náà ló ní kí ó gbé páálí náà padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Tọ́ntọ̀n ní, "Màmá, n kò jí i o. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ó ní òun mọ̀. Ó wá bi í pé nígbà tó ṣubú lórí igi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ta ló gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù? Ṣé àwọn tó ni bébà tó ń dán yìí ni, àbí Bàbá Oníbúrẹ́dì?

Tọ́ntọ̀n ní, "Bàbá Oníbúrẹ́dì ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó gbé mi, ṣé títí ayé ni n ó fi máa jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tó le bí òkúta?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín débi pé ó fi etí ìró nu ojú. Ṣùgbọ́n páálí náà padà sínú ọkọ̀. Ohun tó sọ fún Tọ́ntọ̀n bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, di àwàdà láàrin wa, tí à ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ráhùn: "Bó bá le, rì í sínú tíì."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun ló kọ́ mi ní ohun tí ọkọ mi ń pè ní àìsàn mi lónìí. Ó kọ́ mi pé kí n máa fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí agolo kí n tó rà á. Bó bá wọlé tó sì tún ta padà, kí n fi í sílẹ̀. Ó kọ́ mi pé kí n yí agolo dojú dé kí n wo abẹ́ rẹ̀, kí n fi ìka ra ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ sí, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́ tí wọ́n sì ń tẹ tuntun lé e. Ó kọ́ mi pé kí n kán epo sí ẹ̀yìn ọwọ́ kí n tó gbóòórùn rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bí Ìbùkún, ọmọ mi, kò sí ohun tó wọ ẹnu rẹ̀ tí n kò kọ́kọ́ yí wò lábẹ́. Ọkọ mi ní òun yóò bá mi wá iṣẹ́ sí Kraké, kí n jókòó pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè, kí n máa yẹ ẹrù àwọn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ wò. N kì í bínú. Ẹni tó bí ọmọ kan ṣoṣo lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ kò ní ibi tó fẹ́ fi ẹ̀rù rẹ̀ pamọ́ sí.

Ibì kan péré ni Ìyá Àgbà kò ti jẹ́ kí n yí agolo wò. Bùtíìkì Ìyá Rúfínù ni.

Tàntí ni gbogbo àdúgbò ń pe Ìyá Rúfínù. Ìyá rẹ̀ àti Ìyá Àgbà jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà èwe wọn, nígbà tí ìyá náà sì ń kú lọ, Ìyá Àgbà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ Tàntí gba Kraké lọ tí kò sì padà mọ́, Ìyá Àgbà ló fún un ní tábìlì tó fi bẹ̀rẹ̀ ọjà títà, kí ó tó di bùtíìkì tó ní ilẹ̀kùn irin. Ní ọjọ́ kan, mo mú agolo mílíìkì kan lórí pẹpẹ rẹ̀, mo yí i dojú dé. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e padà síbi tó wà. Nígbà tí a wọlé tán ló tó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì tutù: "A kì í yẹ abẹ́ àwo ẹbí wò kí a tó jẹun nínú rẹ̀."

Mo gbọ́ràn. Láti ọjọ́ náà, mílíìkì tí Ìbùkún fi ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀, ọ̀dọ̀ Tàntí ni mo ti ń rà á, n kò sì yí i wò.

Ohun tí gbogbo Tokpota fi ń rántí rẹ̀ ni mo ń bọ̀ wá sọ yìí. Ó ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan tí ọ̀nà Kraké le, tí ọjà ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn ọmọ kan ládùúgbò ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru, ẹnì kan sì ní mílíìkì Tàntí ni. Ọ̀rọ̀ yẹn rìn kánkán. Láàrin ìgbà díẹ̀, àwọn ènìyàn ń gba iwájú bùtíìkì náà kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin kan kó agolo wọn wá, wọ́n ń pariwo, wọ́n ní kí ó sọ ohun tó ń tà fún àwọn. Tàntí dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí. 

Ìyá Àgbà rékọjá ọ̀nà pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀. Aṣọ ilé ìjọsìn ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé àpótí náà kalẹ̀ sí iwájú bùtíìkì, ó ní kí n bá òun mú ọ̀bẹ wá, mo sì sáré lọ mú un. Ó wọ inú bùtíìkì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn pẹpẹ, ó sì jáde pẹ̀lú agolo mílíìkì kan. Ó jókòó. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu ún láìmí, títí ó fi tán. Ó yí agolo náà dojú dé kí gbogbo wa lè rí i pé kò kán mọ́. Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Mo ti mu ún. Bí mo bá kú, ẹ mọ ẹni tó pa mí. Bí n kò bá kú, ẹ máa bọ̀ wá ra mílíìkì."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Wọ́n rajà lọ́jọ́ náà, èmi náà rà. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo bá pàdé, pé ìyá bàbá mi ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ń bì, ó ń ṣu, ojú rẹ̀ jìn sínú. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, kò lè sunkún mọ́, ó kàn ń la ẹnu ni. Wọ́n gbé omi sí i lára. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, ó di àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Dókítà bi mí ní ohun tí ọmọ náà jẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kà á fún un. Ó bi mí nípa mílíìkì. Mo ní kò lè jẹ́ mílíìkì, pé ọ̀dọ̀ ènìyàn wa la ti rà á, pé ìyá mi àgbà tó jókòó níbí yìí mu ún níwájú gbogbo àdúgbò. Mo tọ́ka sí i. Dókítà wò ó.

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo omi kànga wa."

Nítorí náà, a wo omi kànga. Ọkọ mi pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga, wọ́n fọ̀ ọ́, a dá a lóògùn, a kò mu ún fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ tí dókítà béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ní ọ̀sán, Ìyá Àgbà dìde, ó ní òun ń lọ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Ó pẹ́ kí ó tó dé. Kò gbé ẹ̀kọ kankan wá. Nígbà tó fọwọ́ kàn mí lójú, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn, òórùn kíkan kan, mo sì rò pé òórùn ọsibítù ni. Ó ní, "Ọmọ yìí kò ní kú. Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́." Kò kú. Ara rẹ̀ yá, a gbé e wálé.

Lọ́jọ́ Àìkú ìdúpẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti ilé ìjọsìn dé, àwọn aládùúgbò jókòó sábẹ́ àtíbàbà nínú àgbàlá wa, wọ́n ń jẹ ìrẹsì. Tọ́ntọ̀n Pọ́ọ̀lù ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nípa Màmá dìde kí ó sọ ọ́. Opó oníṣáná sọ tirẹ̀. Bàbá Oníbúrẹ́dì sọ tirẹ̀, ó sì ní ẹnikẹ́ni tí búrẹ́dì òun bá le fún kí ó rì í sínú tíì. Lẹ́yìn náà ni Tàntí dìde.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Màmá mu mílíìkì?"

Wọ́n ní àwọn rántí.

"Ṣé ẹ rò pé mílíìkì mi ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀. "Màmá ti gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá bá mi; láti ìdájí ló ti rán ọlọ́kadà lọ sí Ouando. Inú ilé ìtajà ńlá yẹn ló ti ra agolo náà. Abẹ́ ìró rẹ̀ ló fi í sí. Mo rí i bó ṣe ń fà á yọ lẹ́yìn pẹpẹ, mo fẹ́ lanu, bó ṣe ń kọjá lára mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi níhà. Ó ní, 'Pa ẹnu ẹ dé, kí n tún ọ̀rọ̀ ẹ ṣe.'"

Gbogbo àgbàlá hó. Tọ́ntọ̀n Pọ́ọ̀lù ló rẹ́rìn-ín jù, ó ń lu itan, ó ní, "Màmá tó dá páálí mi padà!" Àgbà kan lẹ́yìn wa ní ìyá nìyẹn, pé irú wọn kò sí mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbùkún náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé nígbà tó fẹ́ mílíìkì tó dá a lójú, Ouando ló ránṣẹ́ sí. Ohun kejì ni ọ̀bẹ náà. Èmi ni mo mú un wá.

Ní ọjọ́ kejì, mo rékọjá ọ̀nà lọ bá Tàntí. Ó ń to ọṣẹ. Mo kí i, mo sì bi í pé mílíìkì ìgbà yẹn, ṣé ó bàjẹ́ lóòótọ́? Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn." Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Ìbùkún ni mo ń bi yín."

Ó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò sì gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ awakọ̀ kan tó ń gba Kraké ló ti rà wọ́n. Wọ́n ti pa ọjọ́ ìsàlẹ̀ wọn rẹ́, wọ́n sì ti tẹ tuntun. Òun kò mọ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó wá ní ìdájí ọjọ́ kan, kí àwọn obìnrin yẹn tó kó agolo wọn wá, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì ṣa àwọn tó wú kúrò. Àwọn tí kò wú, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí pẹpẹ, nítorí kò sí òmíràn, bí bùtíìkì bá sì ti ilẹ̀kùn nígbà yẹn, kò ní ṣí mọ́. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n máa tà á títí tuntun yóò fi dé. Ó ní kí Tàntí máa fún ilé tèmi láti inú páálí kan tó dára, tó yà sọ́tọ̀. Páálí yẹn tán kí tuntun tó dé.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó ní, "Ojú tì mí. Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ tí páálí yẹn tán, ìwọ nìkan ló wá rajà lọ́wọ́ mi. O ò tiẹ̀ yí agolo náà wò."

Mo bi í bóyá Ìyá Àgbà mọ̀ nígbà tí a wà ní ọsibítù. Ó ní láti ọsibítù ló ti wá bá òun ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò bọ́ bàtà. Ó ní kí òun kó gbogbo agolo tó kù jáde, wọ́n lu wọ́n ní ihò, wọ́n sì dà wọ́n sí gọ́tà. Àwọn èèrà bo ibẹ̀. Ọwọ́ àwọn méjèèjì rùn. Bí ó ṣe fẹ́ máa padà lọ, ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ojú mi ni mo fi dúró fún ọ. Má jẹ́ kí n tún yá ọ ní ojú yẹn mọ́." Láti ìgbà náà, Tàntí kò ra ọjà kankan lọ́wọ́ awakọ̀ mọ́.

N kò lè sọ pé mílíìkì ló ṣe Ìbùkún. Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó lè jẹ́ kànga. Ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí Ìyá Àgbà rò pé ó jẹ́, nítorí kò lọ sídìí kànga lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Gọ́tà ló lọ. Ó mọ ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó sì sọ òmíràn. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ọmọ tèmi nìkan ló ya páálí sọ́tọ̀ fún. Àwọn ọmọ yòókù ní Tokpota, àwọn ìyá wọn rẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà wa, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọkọ mi ní kí n má rajà lọ́dọ̀ Tàntí mọ́ láyé. Tọ́ntọ̀n Pọ́ọ̀lù ní kí n jẹ́ kí òkú sinmi, pé ohun tí Màmá ṣe, àdúgbò ló ṣe é fún. Èmi ní tèmi lọ sí ilé ìtajà Ouando. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀. Mo yí agolo wọn dojú dé, ọjọ́ wọn hàn kedere. Mo rí ọ̀kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọlé, mo sì bi ọmọbìnrin tó ń gba owó pé ta ni mo lè fi hàn. Ó tọ́ka sí nọ́ńbà tẹlifóònù kan lára ògiri. Mo pè é. Ohùn kan ní kí n dúró, orin bẹ̀rẹ̀, mo dúró, lẹ́yìn náà orin náà já. Mo gbé agolo náà kalẹ̀, mo sì wá sílé.

Ọ̀dọ̀ Tàntí ni mo ṣì ń rajà. N kò sọ pé mo ti dárí jì í. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo fẹ́ béèrè, mo rékọjá ọ̀nà, mo bá a níbẹ̀, ó jókòó, ó sì dá mi lóhùn. Ní báyìí, kí ó tó na agolo sí mi, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ yí i dojú dé níwájú mi. Lẹ́yìn náà, èmi náà á yí i. Á dúró kí n wò ó tán. Kò bínú rí.

Ṣùgbọ́n Tàntí kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo mú Ìbùkún dání, a lọ sí itẹ́ òkú. Wọn kò tíì kun ibojì náà, wọn kò sì tíì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo ti to ìbéèrè mi láti ilé. Mo fẹ́ bi í pé ní ọsibítù, nígbà tí mo tọ́ka sí i, tí dókítà sì wò ó, kí ló rò? Ta ni ẹbí rẹ̀ ní wákàtí yẹn? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ìbùkún fa ìró mi. Ó ní, "Màmá, ta lẹ̀ ń bá wí?"

Mo wo sìmẹ́ńtì ibojì náà. Mo wò ó títí. Kò ní ojú.